Èèkàn Mẹ́jọ ní Siporex

Nígbà tí eyín katapílà Taïrou já páìpù omi ńlá tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Siporex nílùú Abidjan, omi fò sókè débi pé àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lọ sí Plateau wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún erin bá sín pa pọ̀. Kí ènìyàn tó pe "yéè" tán, yàrà tí wọ́n ń gbẹ́ ti kún, ojú títì ti di ọ̀sà, ogójì bàtà sílípáàsì sì ń léfòó lọ sọ́nà ọjà bí ẹni pé wọ́n ń lọ ra ẹja. Jacques, tó ń tẹ́ iyanrìn nínú yàrà, ni omi gbé, ó sì sọ ọ́ mọ́ ògiri ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán síbi méjì.

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ lèyí ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di agogo méjì ọ̀sán, omi ti fà, ẹrẹ̀ pupa ti bo gbogbo nǹkan, Jacques wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Taïrou sì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo katapílà rẹ̀ bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù jáde.

Ìgbà náà ni Fàósátù dé láti ọsibítù.

Fàósátù ni alábòójútó gbogbo àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní ṣantíyé náà, ìyẹn ibi iṣẹ́ títì yẹn. Ọmọ Ẹjígbò ni, ṣùgbọ́n Treichville ni wọ́n bí i sí, ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ rèé tó ti ń darí agbẹ́lẹ̀. Ó sanra, ohùn rẹ̀ le, akoto orí rẹ̀ sì ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ pé bí Tantie Fàósátù bá fi ìka kan ìyẹ̀pẹ̀, ó lè dárúkọ ẹni tó tọ̀ sí i lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ àsọdùn nìyẹn. Ọdún yìí nìkan ló lè dárúkọ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ni Lieutenant Valéry, ọmọ ìdílé Àjàṣẹ́ kan tó ti wà ní Abidjan láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ tó ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun.

"Tantie, bonjour. Ẹ kú... ẹ kú wàhálà. Yako, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ọmọ mi, yọ irin yẹn lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

"Pas possible, kò ṣeé ṣe. Ẹ wo èèkàn. Ẹ wo yàrà."

Fàósátù wò ó. Èèkàn igi mẹ́jọ tí wọ́n kun lórí pupa ló tò lọ gbọọrọ. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ló máa ń ri wọ́n mọ́lẹ̀, kí awakọ̀ katapílà lè mọ ibi tí yóò gbẹ́. Etí èèkàn gan-an ni eyín katapílà gbọ́dọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n yàrà tí Taïrou gbẹ́ kò sí létí èèkàn rárá. Ó fi mítà kan ààbọ̀ yà kúrò, ó gba orí páìpù omi kọjá gẹ́ẹ́.

"Tantie, mo fi Ọlọ́run búra," ni Taïrou wí. "Etí èèkàn ni mo gbà. Ṣé mo fọ́jú ni?"

"Àfi bí èèkàn bá rìn," ni Valéry wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Èèkàn kì í dá rìn," ni Fàósátù dá a lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Valéry fa ìgò kan yọ nínú àpò ọ̀rá. "A rí èyí nínú katapílà rẹ̀. Koutoukou! Ọtí líle. Ó ti yó kó tó gorí ẹ̀rọ."

"Èmi? Ọtí?" Taïrou fò dìde, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ tẹ̀ ẹ́ jókòó padà.

Fàósátù gba ìgò náà, ó ṣí i, ó nà án sábẹ́ imú ọ̀gá ọlọ́pàá. "Gbóòórùn rẹ̀ wò."

Valéry fa imú. Ó húkọ́ títí tó fi kù díẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bọ́ sórí bàtà.

"Gasoil! Dísẹ́lì ni!"

"Òun ló fi ń nu ẹ̀rọ. Bó bá mu ún ni, ẹnu Taïrou ni èéfín ì bá máa gbà jáde. Kí ni ẹ tún ní?"

"Mo ní ìwé," ni Valéry wí, ó ṣì ń nu ojú. "Didier, yọ ọ́."

*

Didier, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ṣantíyé náà, bọ́ síwájú. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń gún régé débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ìwé kan.

"Lánàá ni mo ri èèkàn, Tantie. Lánàá náà la fọwọ́ sí ìwé pé ìlà náà tọ́. Ẹ̀yin rèé, èmi rèé. Láti ìgbà náà n kò fi ẹsẹ̀ kan ibí mọ́. Ọ́fíìsì ní Plateau ni mo wà láti àárọ̀, ìgbà tí lieutenant pè mí ni mo wọkọ̀ bọ̀."

Valéry fi ìka lu ìwé náà. "Ìwé ní èèkàn tọ́. Èèkàn tọ́ lóòótọ́, mo ní kí Didier fi pílánù hàn mí. Yàrà ni kò tọ́. Nítorí náà, Taïrou ni. Àbí ìwé parọ́? Tantie, ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?"

Fàósátù wo ìfọwọ́sí ara rẹ̀ lórí ìwé náà. Òfin kan wà láàárín àwọn agbẹ́lẹ̀ tí ọmọ ọjọ́ kan nínú iṣẹ́ mọ̀: kí ẹ̀rọ tó kan ilẹ̀, alábòójútó àti wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yóò jọ fa téèpù láti etí kọnkéré títì dé ara èèkàn, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wo pílánù, kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Lánàá, oòrùn mú débi pé àwọn aláǹgbá ń wá bàtà yá. Ọkọ̀ iyanrìn mẹ́ta dé lẹ́ẹ̀kan náà. Didier gbé ìwé wá, Fàósátù sì fi orúnkún ṣe tábìlì, ó fọwọ́ sí i. Ọdún kẹfà rèé tí Didier ti ń ri èèkàn fún un, kò ṣìnà rí. Kò fa téèpù kankan.

Bó bá sọ pé òun wọ̀n ọ́n, Taïrou dèrò ẹ̀wọ̀n. Bó bá sọ pé òun kò wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún wó lulẹ̀, bóyá òun gan-an ni yóò sì wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Fún mi di agogo mẹ́rin," ló wí.

"Mi ò bi yín ní aago, Tantie."

"Agogo mẹ́rin, ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ kò ní sá lọ."

Valéry wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Seize heures, agogo mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ń gbé e lọ."

*

Ẹni àkọ́kọ́ tí Fàósátù lọ bá ni Christelle, tó ni maquis, ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń fi àwọn agbẹ́lẹ̀ ré, torí eruku wọn ń bà lé ẹja díndín rẹ̀. Valéry tẹ̀ lé e. Wọ́n bá Christelle tó ń fọ ẹrẹ̀ lára ògiri rẹ̀.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!" ló fi kí wọn káàbọ̀. "Atíẹ́kẹ́ ìkòkò mẹ́ta bá omi lọ! Ẹja mi tó ti kú tún bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́!"

"Pẹ̀lẹ́, màmá. Wọ́n ní ẹ ti yọ èèkàn wa rí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fi de agboòrùn yín."

Christelle fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹyọ kan! Ẹyọ kan ṣoṣo, níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ tán! Atẹ́gùn fẹ́ gbé agboòrùn mi lọ sí Gánà, kí n máa wò ó?"

Etí Valéry dìde bíi ti ajá ọdẹ. "Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí? Lieutenant, láti agogo mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo ti wà nínú omi dé ibí." Ó fi ọwọ́ han ojúgun rẹ̀. "Ó dúró bí adágún fún odidi wákàtí kan, kí wọ́n tó rí ẹni pa páìpù. Ẹ wo ògiri mi! Bí mo bá fẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́, èèkàn kọ́ ni mo máa yọ. Ata ni mo máa rọ sínú ẹ̀rọ yín, kó máa sín lọ títí dé èbúté!"

Valéry ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fàósátù kò gbọ́ apá ìkẹyìn ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ògiri ló ń wò. Ìlà ẹrẹ̀ pupa kan fà lára rẹ̀ láti igun kan dé ìkejì, ó gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ibi tí omi dúró sí nìyẹn.

Ó yíjú sí àwọn èèkàn. Ìlà ẹrẹ̀ wà lára tiwọn náà.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ló wí, "ṣé o ti bá bírìkìlà ṣiṣẹ́ rí?"

"Èmi? Jamais."

"Ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ sókè. O máa bẹ̀rẹ̀ lónìí."

*

Rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì wà nínú àpótí irinṣẹ́. Àwọn agbẹ́lẹ̀ a rọ omi sínú rẹ̀, ẹnì kan a di orí kan mú, ẹnì kejì a di orí kejì. Ibi tí omi bá dúró sí lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí lọ́wọ́ ẹnì kejì, ìbáà jẹ́ pé ọ̀kan wà lórí òkìtì tí èkejì wà nínú kòtò. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nìyẹn bóyá ibi méjì ṣe déédéé.

Fàósátù mú orí kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Christelle, ó gbé omi inú rẹ̀ bá ìlà ẹrẹ̀ dọ́gba. "Lọ síbi òpó iná."

Valéry fa orí kejì lọ. Ènìyàn ti pé jọ. Ẹnì kan kígbe pé, "Môgô, ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́pàá ti di pọ́ńbà!" Ẹ̀rín bú sáyé.

"Omi dúró síbo?"

"Lórí ìlà ẹrẹ̀. Gẹ́ẹ́."

"Lọ síbi bárò tó wà níbi òkìtì iyanrìn."

"Gẹ́ẹ́."

"Táyà katapílà." Katapílà náà, táyà ló ní, kì í ṣe ẹsẹ̀ irin.

"Gẹ́ẹ́ náà ni."

"Ó dára. Èèkàn àkọ́kọ́ wá."

Valéry bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ìlà ẹrẹ̀ ara èèkàn fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju omi lọ."

"Èkejì?"

"Ó fi ìka mẹ́ta rẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta... ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán. Ẹ̀kẹrin ga. Tantie, kí lèyí?"

"Omi kan ṣoṣo ló kún ibí láàárọ̀," ni Fàósátù wí. "Ògiri sọ ibì kan, òpó, bárò àti táyà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èèkàn mẹ́jọ nìkan ló ń sọ tẹnu ara wọn. Kí ló lè fà á?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá rò ó. Ó rò ó débi pé òógùn já lẹ́tí rẹ̀. "Omi bá wọn níbòmíràn," ló wí níkẹyìn, Yorùbá rẹ̀ ṣàdédé já gaara. "Lẹ́yìn tí omi fà, ẹnì kan fà wọ́n tu, ó tún wọn rì síbí. Àwọn kan wọlẹ̀ jù, àwọn kan kò wọlẹ̀ tó."

"O káre! Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni etí yàrà níbi tí Taïrou sọ. Ihò wọn ni à bá wá, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni etí yàrà tí omi rọ̀ ti ń ya lulẹ̀."

Lórí búlọ́ọ̀kù, Taïrou gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Valéry ti ju rọ́bà sílẹ̀. "Christelle! Òun nìkan ló wà níbí nígbà tí gbogbo yín sin Jacques lọ dúró de ọkọ̀ ọsibítù lópòópónà ńlá. Ó ti yọ èèkàn rí, ó jẹ́wọ́!" Kí Fàósátù tó sọ̀rọ̀, ó ti forí lé maquis. Kò pẹ́ tí ohùn Christelle fi gba àdúgbò. Wọ́n ní àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà gbọ́ ọ.

Fàósátù ta okùn kan láti èèkàn àkọ́kọ́ dé ìkẹjọ. Gbogbo wọn kan okùn, kò sí èyí tó yà. Ó fa téèpù láti etí kọnkéré dé ara àkọ́kọ́: mítà mẹ́ta àti ogún sẹ̀ǹtímítà. Ìkẹrin: mẹ́ta àti ogún. Ìkẹjọ: mẹ́ta àti ogún, kò fi ìbú èékánná kan dín. Ó wo pílánù tuntun tó wà nínú àpò rẹ̀. Mẹ́ta àti ogún.

Christelle kọ́. Christelle kò lè to ìgò mẹ́ta sórí tábìlì kí ọ̀kan má yà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́, yóò kàn fà á tu ni, yóò gún un síbi tó bá rí. Ẹni tó ṣe èyí ń kánjú, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti ri èèkàn kan wọ́. Bẹ́ẹ̀, èèyàn kò lè fi ojú lásán rì í tó báyìí, àfi pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ó mọ ibi tí yóò wò. Ìṣó kan wà tí wọ́n kàn mọ́ kọnkéré ní ìkángun títì. Orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dúró sí kó tó lè sọ òótọ́. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó lósòó. Ẹrẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀, ó sán bí igbá àtijọ́. Nínú ẹrẹ̀ náà, ihò ṣóńṣó mẹ́ta yí ìṣó náà ká. Ẹnì kan sì ti fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó ń dán.

*

"Kí lẹ ń wò, Tantie?"

Didier ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ."

"Ti àná nìyẹn."

"Àná?" Fàósátù kò dìde. "Ṣé ẹrẹ̀ wà níbí lánàá, Didier?"

Láti maquis, Christelle ń bú ìdílé Valéry láti orí bàbá àgbà wá sílẹ̀.

"Pílánù àtijọ́ ni mo gbé jáde," ni Didier wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó mọ̀ pé páìpù wà níbẹ̀. Ọ̀nà Plateau ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí pé omi bẹ́. Mo ṣí fáìlì, mo rí i. Mo yí padà. Nígbà tí mo dé, kò sẹ́nì kankan, gbogbo yín wà lọ́dọ̀ Jacques, Christelle sì ń gbọ́n omi nínú ilé rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lò."

"O wo Taïrou nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, o yọ ìwé."

"Ẹ gbọ́ mi ná." Ó lósòó tì í. "Ẹ ti gba Taïrou sílẹ̀, lieutenant ti gbà pé wọ́n ṣí èèkàn. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ìpáǹle àdúgbò ló ṣe é. Christelle náà á bọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ pa ihò mẹ́ta yìí rẹ́. Torí bí ẹ bá fa èmi, wọ́n á bi yín: ta ló fọwọ́ síwèé? Téèpù dà? Bí ẹ bá fà á lánàá, a ò ní gbẹ́bẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Fàósátù mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti agogo méjì. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ tóbi tó láti pa ogún ihò rẹ́. Ó wo ihò mẹ́ta náà, ó wo Taïrou lókèèrè, ó sì rántí bí Jacques ṣe ń béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ pé, "Tantie, ta ló ní ká gbẹ́bẹ̀?"

Ó dìde.

"Lieutenant!" ló pè, pẹ̀lú ohùn tó fi ń dá katapílà mẹ́rin dúró. "Fi màmá ẹlẹ́ja sílẹ̀, máa bọ̀!"

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fi ihò mẹ́ta hàn án, ìṣó tó ń dán, okùn, téèpù. Didier kò jiyàn. Valéry kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fẹ́ pa ìwé dé.

"O bi mí ní ìbéèrè kan," ni Fàósátù wí.

"Tantie, kò pọn dandan mọ́."

"N kò wọ̀n ọ́n. Didier gbé ìwé wá, mo fọwọ́ sí i lórí orúnkún mi, n kò fa téèpù. Kọ ọ́."

Valéry dá bírò dúró. "Ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e?"

"Mo mọ̀. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ọlọ́pàá kejì tú Taïrou sílẹ̀. Taïrou dìde, ó ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wá dúró níwájú alábòójútó rẹ̀. Kò dúpẹ́.

"Ẹ ò wọ̀n ọ́n, Tantie?"

"N kò wọ̀n ọ́n."

"Jacques wà nínú yàrà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Taïrou mi orí. Ó gba akoto tí Fàósátù ti ṣí lórí lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó rí i pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí. "Màá sọ fún Jacques pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́," ló wí.

Wọ́n ti fi Didier sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá. Valéry ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún Fàósátù, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

"Iwájú ni kí ẹ jókòó sí, Màmá."

"Rárá, ọmọ mi." Ó rọra ti ilẹ̀kùn náà pa, ó yí lọ sẹ́yìn. "Sún lọ, Didier. Àwa méjèèjì la fọwọ́ sí i."